Ìkíni Ló Pa Kọ̀ǹpútà Mi

Kẹ́-kẹ́-kẹ́, kẹ́-kẹ́-kẹ́, gbàù! Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bàbá mi ṣe máa ń dún nìyẹn níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ ìlú wa, ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Iṣẹ́ Bàbá ni láti máa bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà. Ó kọ́ mi pé lẹ́tà kò gbọdọ̀ débi ọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ kí èèyàn dáadáa. A ó kí onílé, a ó kí àwọn ọmọ, a ó kí ará ilé kejì, kí ọ̀rọ̀ tó wá yọjú. Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ mí lára ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìró ẹ̀rọ yẹn ni mo gbọ́ nínú àlá tí mo lá lánàá. Kì í ṣe àlá òru o. Oúnjẹ ọ̀sán ni mo jẹ tán nínú yàrá mi nílùú òyìnbó níbí, tí oorun fi gbé mi lọ, tí mo gbórí lé kọ̀ǹpútà àgbélétan mi àtijọ́ tó ti kọ̀, tí kò tàn mọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin.

Lẹ́tà kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Oyèdìran, ni mo ti ń kọ ọ́ sí láti ọdún mọ́kànlá, n kò sì tíì fi ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mo gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Bàbá, ó sì já bọ́ lọ́wọ́ mi sórí sìmẹ́ńtì, ó fọ́. Bàbá bèèrè ẹni tó ṣe é. Ẹnu mi dì. Bọ̀dá wò mí, ó ní, "Èmi ni, Bàbá." Bàbá ní ọwọ́ tí nǹkan ń já bọ́ níbẹ̀ kò yẹ kó máa mú bírò, ó yọ ọ́ kúrò nílé ìwé, ó mú un lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bíríkìlà. Èmi ni mo wá ń lọ sílé ìwé, títí ìwé fi gbé mi dé ìhín. Àwa méjèèjì kò mẹ́nu bà á láéláé. Bọ̀dá ti pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin báyìí, Mopélọ́lá ọmọ rẹ̀ sì sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ojú bàbá òun ti ń ṣú, òun lòun ń bá a ka ohun gbogbo. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè fi ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀.

Ó dáa. Nínú àlá, mo tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan kọ̀ǹpútà. Kò tàn. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ni kọ̀ǹpútà bá la ojú kan.

"Ta ló ń tẹ̀ mí nímú?"

"Èmi ni, Ládiípọ̀."

"Ọwọ́ wo lo fi tẹ̀ mí?"

Mo wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ òsì ni. Apá òsì ni bọ́tìnnì náà wà, n kò rò ó rí.

"Ọdún mọ́kànlá," ni kọ̀ǹpútà wí, "ni o ti ń fọwọ́ òsì jí mi láràárọ̀. Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí ni? Láàárín àwa kọ̀ǹpútà, ẹni ọdún mọ́kànlá ti di bàbá àgbà!"

Ojú tì mí gan-an. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo ní, "Ẹ má bínú, sà. N kò mọ̀ ni." Mo dìde, mo fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Kò tàn síbẹ̀.

"Mo ti dárí jì ọ́," ó ní, "àmọ́ n kò lè dìde. Gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n."

Ṣájà yọ ara rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó ń wọ́ lọ níwájú bí ẹni tó mọ̀nà. Mo gbé kọ̀ǹpútà sí abíyá, mo tẹ̀lé e. Bí a ṣe jáde lẹ́nu ọ̀nà, ìlú wa la já sí, ní pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ́fíìsì kan léfòó lókè pápá náà, ó ga tó ọ̀pẹ. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ òpó ibi tí wọ́n ti ń gba bọ́ọ̀lù kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ sí ìlú míì. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà: ILÉEṢẸ́ TÓ Ń RÍ SÍ Ẹ̀RỌ TÓ KỌ̀ LÁTI JÍ. Mo gun okùn lọ. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ohun kan ṣoṣo tó sì ń bí mi nínú ni pé wọn kò fi àga síbi tí èèyàn ti lè sinmi lágbedeméjì.

Obìnrin kan tó wọ ẹ̀wù iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù ló gbà mí lálejò. Wọ́n ń pè é ní Ẹnjiníà Morádékẹ́.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ṣé iná wà níbi tí ẹ ki ṣájà bọ̀?"

"Iná wà."

"Ṣé ẹ ti fi ṣájà mìíràn dán an wò?"

Ṣájà gbé orí sókè. "Ojú mi náà lẹ ti ń sọ ìyẹn? Ẹ ò tiẹ̀ dúró kí n jáde!"

"Má bínú," ni Ẹnjiníà wí, "a máa ń bi gbogbo èèyàn ni." Ó yí kọ̀ǹpútà dojú dé, ó yọ bátìrì rẹ̀. Iṣu sísè ló jáde, ó ti wú, ó ń rú èéfín díẹ̀. "Bátìrì tó bá ti wú báyìí, a kì í dá a padà. Ẹ má sì jẹ ẹ́ o."

"N kò ní jẹ ẹ́," mo ní. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni.

"Ẹ di bọ́tìnnì mú, kí ẹ kà dé ọgbọ̀n."

Mo ń kà. Nígbà tí mo dé mẹ́tàdínlógún, ọ́fíìsì ti di kíláàsì wa àtijọ́, gbogbo wa jókòó sórí bẹ́ǹṣì, à ń kà á pọ̀ bí orin. Ibì kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo mọ ẹni tó ni ín, n kò wo ibẹ̀. Nígbà tí a dé ọgbọ̀n, kọ̀ǹpútà sín lẹ́ẹ̀kan, iná rẹ̀ ṣẹ́jú, ó sì kú pátápátá.

Ẹnjiníà Morádékẹ́ mi orí. "Ẹ̀rọ yìí ò ní jí mọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ kú ọ̀tọ̀, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ kú ọ̀tọ̀. A lè yọ ọ́."

Ó tú súkúrù ìdí rẹ̀, ó yọ àpótí pẹlẹbẹ kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ìwé pamọ́ sí, ó fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn tó sanra. Èyí tó sanra yẹn gbọn ara, ó la ẹnu, ìwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹnu rẹ̀ jáde, kẹ́-kẹ́-kẹ́, bí ẹ̀rọ Bàbá gẹ́lẹ́. Akọ̀wé àgbà kan, Alàgbà Ògúnṣínà, fi awò sójú, ó ń kà á sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ooru. Bí ó bá jẹ́ òjò ló ń rọ̀, ẹ kú òjò. Ìyàwó yín ń kọ́? Orúnkún wọn ń kọ́? Ẹ bá mi kí Mopélọ́lá. Ẹ bá mi kí ẹni tó fẹ́ Mopélọ́lá..."

"Ọ̀rọ̀ gan-an ń kọ́?" Ẹnjiníà bèèrè.

"Ó ń bọ̀," mo ní.

Akọ̀wé ń kà lọ. Lẹ́yìn àkókò díẹ̀ ó sinmi. "Bàbá, ojú ìwé kejìdínlọ́gbọ̀n la wà yìí. Ẹ ṣì ń kí ẹni tó rán aṣọ tí Bọ̀dá fi gbéyàwó."

"Tẹ́là dáadáa ni," mo ní.

"Ẹ kọ ọ́ síbí pé ó ti kú!"

"Mo kí àwọn ọmọ rẹ̀ nísàlẹ̀."

Kọ̀ǹpútà mi, tó ti kú, sọ̀rọ̀ láti orí tábìlì: "Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Kò sí àìsàn kan lára mi. Ìkíni ló pa mí."

Mo fẹ́ dá a lóhùn, àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé etí Alàgbà Ògúnṣínà ti ń gùn. Nígbà tó fi dé ojú ìwé ọgbọ̀n, ó ti di ewúrẹ́, awò ṣì wà lójú rẹ̀. Kò yà wá lẹ́nu. Ẹnjiníà wo aago, ó ní, "Àkókò oúnjẹ rẹ̀ ti tó." Ewúrẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lẹ́tà mi láti ojú ìwé kìn-ín-ní.

"Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, lẹ́tà mi ni!"

"Mo mọ̀," ó fi ẹnu kíkún wí. "Ó ti pẹ́ tí mo jẹ irú ìkíni tó dùn báyìí. Èyí tó wà fún orúnkún yẹn, áà!"

Ojú ìwé mọ́kàndínlógójì ló jẹ. Nígbà tó dé ogójì, tó jẹ́ èyí tó kẹ́yìn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi pátákò tì í padà sọ́dọ̀ mi. Mo gbé e. Ohun tí mo kọ sí i kò ju èyí lọ: *Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo*. Funfun báláú ni ìyókù.

"Èyí ò tíì jinná," ni ewúrẹ́ wí.

Mo yíjú sí Ẹnjiníà. "Ẹ bá mi wá ìyókù. Ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ ọ́!"

Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, bí ọmọ ṣe ń ṣe sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ la ti yọ. Ohun tí ẹ kò fi síbẹ̀, kò sí bí a ṣe fẹ́ yọ ọ́."

Ẹnì kan tú okùn ọ́fíìsì. A gbéra ńlẹ̀. Mo jí.

Àtàǹpàkò òsì mi wà lórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà. Mo yára gbé e kúrò, mo tiẹ̀ ní, "Ẹ má bínú, sà." Kò dáhùn, kò sì tàn. Nígbà tí mo wo dígí, àwọn bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tẹ̀wé lórí kọ̀ǹpútà ti sàmì onígun mẹ́rin sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, bí ilà ìdílé kan tí n kò mọ̀.

Mo mú fóònù. Mo kọ *Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta*, mo pa á rẹ́. Mo kọ *Orúnkún ń kọ́*, mo pa ìyẹn náà rẹ́. Ó ń ṣe mí bí ẹni tó dé fìlà wọlé síwájú àwọn àgbà. Orí fóònù Mopélọ́lá ni mo fi í ránṣẹ́ sí, nítorí òun ló ń kàwé fún bàbá rẹ̀:

"Bọ̀dá, èmi Ládiípọ̀ ni. Èmi ni mo ba ẹ̀rọ Bàbá jẹ́, mo sì dákẹ́, mo jẹ́ kí wọ́n fi ìyà mi jẹ yín. Gbogbo ìwé tí mo kà, tiyín ni. Ẹ ṣeun, ẹ sì dárí jì mí. Mopélọ́lá, má rọra kà á sí wọn létí o. Kà á sókè, kí gbogbo ilé gbọ́."