Tìmùtìmù Kúlúsúmù

Ní agbo ilé wọn ní Bẹyẹrúnkà, kò sí ọmọ tuntun tí kì í sùn lórí tìmùtìmù Kúlúsúmù. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn ní Ọjà'ba: òwú ló ń kì sínú aṣọ, iṣẹ́ náà sì dá a lójú. Ìgbà tí Karimat, ìyàwó Jàmíù àbíkẹ́yìn rẹ̀, wá bí Bushrah, ẹ wá wo tìmùtìmù! Aláwọ̀ ewé, tòun ti léèsì létí. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, ó sì dúró láti máa wẹ ọmọ.

Karimat kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ títí, àmọ́ orí àga ló gbé tìmùtìmù lé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn ìwẹ̀, Kúlúsúmù dojú ọmọ bolẹ̀ lórí tìmùtìmù, bí wọ́n ti ń ṣe é nílé wọn kí ìpàkọ́ má baà tẹ́. Bushrah sùn fọnfọn. Karimat wọlé, ó rọra fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀, ó sì yọ tìmùtìmù kúrò. Kúlúsúmù tún yí i. Karimat tún yí i. Ọmọ kan ṣoṣo, bí àkàrà nínú epo!

"Karimat, ṣé o fẹ́ kí ìpàkọ́ ọmọ mi rí pẹlẹbẹ bí àwo ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀yìn ni kó máa fi sùn, lórí ibùsùn tí kò rọ̀, ká má fi nǹkan kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nǹkan rírọ̀ lè dí i nímú. Ó ní àwọn ọmọ kan á kàn sùn, wọn ò ní jí mọ́. Tó bá ti jí, ẹ dojú ẹ̀ bolẹ̀, ká jọ máa wò ó. Ìpàkọ́ ẹ̀ ò ní tẹ́."

"Èmi ni mo fẹ́ fi tìmùtìmù pa ọmọ ọmọ mi? Àwọn márùn-ún tí mo tọ́ ńkọ́? Orí kí ni wọ́n..."

Ojú rẹ̀ bọ́ sórí tìmùtìmù náà. Márùn-ún ló tọ́, ṣùgbọ́n mẹ́fà ló bí. Ráfíù kò ju ọmọ oṣù mẹ́ta lọ tó fi sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò jí. Tìmùtìmù àkọ́kọ́ tí Kúlúsúmù rán láyé ló dojú bò. Wọ́n ní àbíkú ni. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ bú ọmọ náà. Ogójì ọdún rèé, Jàmíù pàápàá kò gbọ́ orúkọ yẹn rí.

Ó jókòó. "Nọ́ọ̀sì yẹn, ṣé ó ní ẹ̀bi ìyá ni?"

"Rárá o, Màmá. Ó ní nígbà mìíràn, àwọn dókítà gan-an ò mọ ohun tó fà á. Ẹni tí wọn ò sọ fún, báwo ló ṣe máa mọ̀?"

"Ráfíù, má bínú," ni Kúlúsúmù sọ lábẹ́ ohùn. Karimat rò pé àdúrà ni.

Kò pẹ́ ni Ìyá Ọlábọ̀wálé, aládùúgbò wọn, yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Jàmíù, tìmùtìmù ọmọ tí mo bẹ̀ yín ńkọ́? Ọmọ mi máa tó bí o!"

Kúlúsúmù wo Bushrah tó fẹ̀yìn lélẹ̀, tó ń mí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó fa tìmùtìmù aláwọ̀ ewé náà mọ́ra, ó sì fìdí lé e gbọingbọin.

"Ó ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí ìyá ọmọ ni mo rán an fún. Ẹ wọlé, ẹ jókòó, kí n sọ ti Ráfíù fún yín."