Ó Kàn Yín

Kí n má purọ́ mọ́ ìjọba, ọkọ mi gan-an ló kọ́kọ́ sọ pé wọ́n máa wó agboolé wa. Àwọn tó fẹ́ fẹ títì kàn wá kan èèkàn pupa kan mọ́ oríta lẹ́bàá Bẹyẹrunkà ni. Wọ́n ní ráńdábáòtù ń bọ̀ níbẹ̀, pé ilé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bá wà láàárín ọgbọ̀n mítà sí èèkàn náà, yípo yípo, yóò lọ. Wọ́n ní àwọn á padà wá fi ọ̀dà sàmì sára ilé tó bá kàn, wọ́n sì wọ mọ́tò wọn, wọ́n bá tiwọn lọ.

Jàmíù lorúkọ ọkọ mi, ṣùgbọ́n èmi Louisa tí mo jẹ́ ìyàwó ilé, ta ni mo jẹ́ tí n ó fi máa pè é bẹ́ẹ̀? Bàbá Waliyat ni mò ń pè é. Wíńdò alumíníọ̀mù ló ń ṣe ní Bẹẹrẹ. Láti ìgbà tó ti forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà lókè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni a ò ti gbádùn mọ́ nínú ilé. Èdè kan tí wọ́n ń pè ní C ni wọ́n ń kọ́ ọ, òun ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Bí a bá ń jẹun lọ́wọ́, á ní kí n dárúkọ ìwọ̀n ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, kí ẹ̀rọ òun sọ bóyá wọ́n lè di onígun mẹ́ta. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí n gbé òkèlè mi mì.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kan èèkàn yẹn, iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n fún un dá lórí òbìrípo, ìlà tó yí roboto. Bí ẹnì kan bá fa òbìrípo, tó wá tọ́ka sí ibì kan, ṣé inú òbìrípo ni ibẹ̀ wà àbí ìta? Bàbá Waliyat fò dìde. Ó ní ọ̀rọ̀ èèkàn wa gan-an nìyẹn.

"Ṣé téèpù tí ẹ fi ń wọn wíńdò ò lè ṣe é ni?" Mo bi í.

"Ṣé kí n fa téèpù gba inú yàrá àwọn èèyàn kọjá ni? Màá wọn èyí tó gba ojú títì, màá wọn èyí tó yà gbọnrangandan wọ inú kọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà á fi méjèèjì mọ bó ṣe jìnnà tó bí ẹyẹ bá fò ó tààrà."

Mo ní ó dáa. Ó fi ọjọ́ Jímọ̀ wọn gbogbo ilé, ó sì kọ́ ẹ̀rọ náà ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: bí ilé bá bọ́ sínú òbìrípo, kó kọ Ó KÀN YÍN gàdàgbà, bí ilé bá wà níta, kó dákẹ́.

Àárọ̀ Sátidé ló gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ sórí pèpéle, tí gbogbo agboolé pé lé e lórí. Ó tẹ ìwọ̀n ilé àkọ́kọ́ wọlé. Ó KÀN YÍN. Ilé kejì, Ó KÀN YÍN. Ó tẹ ti ilé tó wà lẹ́yìn kàǹga lọ́hùn-ún wọlé, Ó KÀN YÍN. Lẹ́yìn kàǹga kẹ̀? Irú ráńdábáòtù wo ló tóbi tó yẹn? Ṣùgbọ́n ariwo ti sọ, ta ni ìbá gbọ́ tèmi? Àwọn obìnrin káwọ́ mọ́rí, àwọn bàbá ń wí pé "Ìnnálílááhì", èmi ọmọ Áńgílíkà láti Òkè Bọ́lá náà sì ń bá wọn wí i.

Nojeem, àbúrò ọkọ mi, kò sunkún ní tiẹ̀. Àkàbà ló lọ gbé. Ó ní kí katakata tó dé, kí àwọn tètè ṣí páànù, kí àwọn rí nǹkan fi bo ilé mìíràn. Orí ilé Ìyá ló ti bẹ̀rẹ̀, nítorí páànù ibẹ̀ ṣì tuntun. A ò tíì fi ìwọ̀n ilé Ìyá sínú ẹ̀rọ o. Nígbà tó ti kan ẹni tó wà lẹ́yìn kàǹga, kí la tún ń dúró dè?

Ìyá ni ìyá ọkọ mi. Àtọ́kẹ́ lorúkọ wọn. Abọ́ tánganran ni wọ́n tà l'Ọ́jà'ba títí orúnkún fi kọ̀ fún wọn, owó abọ́ yẹn ni wọ́n sì fi kọ́ ilé náà láìsí kọ́bọ̀ ọkùnrin kankan nínú rẹ̀. Bí o bá fẹ́ rí ìjà Ìyá, pè é ní ilé Àlàájì ọkọ wọn.

Wọ́n jáde pẹ̀lú kẹ́tù àlùwàlá lọ́wọ́, páànù sì ń ké lókè orí wọn.

"Nojeem! Ta ló kú?"

"Ìyá, ẹ má bínú. Kọ̀ǹpútà ló ní ó kàn wá."

"Kọ̀ǹpútà ta ni? Sọ̀kalẹ̀ lórí ilé mi kí n tó sọ kẹ́tù yìí lù ọ́!" Wọ́n kọjú sí ọkọ mi. "Jàmíù, ta ló yọ nínú wa?"

"Kò sẹ́ni tó yọ, Ìyá."

"Fi Mápó sí i."

"Gbọ̀ngàn Mápó? Lórí òkè lọ́hùn-ún?"

"Mo ní kí o fi sí i."

Ó fojú díwọ̀n ọ̀nà, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ó KÀN YÍN. Ìyá ní kó fi Mẹ́kà sí i. Ó to òǹkà jọ bó ṣe wù ú, ó tẹ̀ ẹ́. Ó KÀN YÍN.

"Ẹ̀rọ yín ò wo ẹnikẹ́ni," Ìyá wí. "Ká ní ó wo èèyàn ni, á rí ẹni tó yọ."

Bàbá Waliyat ya fọ́tò ohun tó kọ, ó fi ránṣẹ́ sí Olúyẹmí, ọ̀gá tó ń kọ́ ọ. Kò pẹ́ tí ìyẹn fi pè, a sì jọ ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fi sẹ́yìn àkámọ́ yẹn, níbi tí ẹ ti sọ pé 'bí ó bá'?"

"Sẹmikólọ́ọ̀nù ni, ọ̀gá. Ẹ ní òun ló ń parí gbólóhùn, pé a ò gbọdọ̀ gbàgbé ẹ̀."

"Háà! Gbólóhùn yẹn ò tíì parí! Ẹ wò ó, ẹ ní kí ọmọ palẹ̀ aṣọ mọ́ bí òjò bá rọ̀. Tí ẹ bá sọ pé 'bí òjò bá rọ̀', tí ẹ wá dánu dúró pátápátá, tí ẹ tún ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé 'palẹ̀ aṣọ mọ́', ṣé kò ní palẹ̀ ẹ̀ mọ́ nínú oòrùn? Ẹ yọ ọ́ kúrò."

Ó yọ ọ́. Ó tẹ ilé àkọ́kọ́, ẹ̀rọ dákẹ́. Ilé kejì, ó dákẹ́. Ẹ̀yìn kàǹga, ó dákẹ́ lọ gbári. Ẹ wo ìdákẹ́jẹ́ tó dùn! Àwọn kan ń jó, àwọn kan ń ṣe alhamdulíláà. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ẹ́ gbá ọkọ mi létí, pé àmì kékeré tó ní kókó lórí tó ní ìrù nídìí ló fẹ́ lé wa kúrò nílé. Kí n tó mọ̀, mo ti dì mọ́ ọn. Nojeem ti padà sórí àkàbà, ó ń fi òòlù kan páànù Ìyá padà.

"Ó ku tèmi," Ìyá wí. "Fi sí i, kí Nojeem gbọ́ bó ṣe máa dákẹ́."

"Ìyá, tiyín ò le. Mítà mẹ́rìnlélógún lójú títì, mẹ́tàdínlógún nínú kọ̀rọ̀."

"Ó ju ogójì lọ! Ọgbọ̀n ni wọ́n pè. Ẹsẹ̀ tí mo fi ru abọ́ kọjá níbẹ̀ kò lè purọ́ fún mi."

A rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Ó KÀN YÍN.

Bàbá Waliyat wá àmì oníìrù yẹn lókè, ó wá a nísàlẹ̀, kò sí. Ó tẹ Mápó, ẹ̀rọ dákẹ́. Ó tẹ Mẹ́kà, ó dákẹ́. Ó tún tẹ ilé Ìyá, ó sọ̀rọ̀. Ó tún pe ọ̀gá rẹ̀, ó sì dárúkọ òǹkà méjèèjì. Ìyẹn ṣírò díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ó tọ̀nà. Ẹsẹ̀ ló rin ogójì. Bí ẹ bá fò ó tààrà, kò pé ọgbọ̀n. Ohun tó fi dín kò tó mítà kan."

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo fẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn tún ya wèrè. Mo fẹ́ kó tún sọ pé ó kan Mápó, pé ó kan Mẹ́kà, pé ó kan gbogbo ayé. Mo ń wo Ìyá, mi ò lè sún mọ́ wọn.

Wọ́n gbé kẹ́tù sílẹ̀ lórí pèpéle. Wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà náà fún ìgbà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò mọ̀wé.

"Ó ti wò mí báyìí," wọ́n wí.

Òòlù ń dún lókè. Nojeem kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

"Nojeem," Ìyá pè é, "ó kàn mí. Má kàn án mọ́. Rọra máa ṣí i, páànù tuntun ni."