Géèmù Méjì àti Àgbàrá Kan

Ẹ̀yin olùkàwé mi ọ̀wọ́n, ẹ kú àsìkò òjò o. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí ilẹ̀ ṣì gba ẹsẹ̀ èmi àti ẹ̀yin. Ìtàn yìí kì í ṣe ìtàn ayọ̀, ṣùgbọ́n ẹ bá mi gbé e, torí ẹrù tí a bá jọ gbé kì í pani.

Gilbert ń gbé ilé ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Ìyá náà ti sùn nínú Olúwa. Kó tó lọ, ó ní kí wọ́n má gbé òun lọ sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì. “Iwájú ilé mi ni kẹ́ ẹ sin mí sí, kí n lè máa gbọ́ ohùn yín.” Gilbert ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lẹ táìsì funfun sórí ibojì náà lápá ọ̀tún ẹnu ọ̀nà, kò sì sí àárọ̀ tí kì í kí i: “Ẹ káàárọ̀, Màámi.”

Àgbàrá ni ọ̀tá ilé náà. Látìgbà tí wọ́n ti pa gọ́tà òkè lọ́hùn-ún tì láìparí, apá òsì ilé lomi ń gbà, lẹ́bàá igi máńgòrò, ihò tó ń gbẹ́ sì ń fẹ̀ bọ̀ wá síhà ibojì lọ́dọọdún.

Ayọ̀fẹ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà ní yunifásítì, wálé fún ọlidé. Ohun tó máa ń dá ìjà dídùn sílẹ̀ láàárín wọn ni géèmù orí fóònù, irú èyí tí wọ́n ń fi ilé ìṣọ́ dènà ọ̀tá. Oníkálukú ló ní tirẹ̀.

“Tèmi ni géèmù,” Gilbert ní. “Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀tá ń gbà. Kọ́ ilé ìṣọ́ rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kó o jókòó, kó o máa wo bí ọfà ṣe ń tú wọn ká.”

“Ọ̀tá yín gọ̀ ni, Bọ̀dá mi! Nínú tèmi, pápá gbalasa ni. Ibi tẹ́ ẹ bá mọ odi sí ni wọ́n máa wò, wọ́n á sì gba ibòmíì. Ẹ gbọ́dọ̀ fi àlàfo sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi fà wọ́n gba ibi tẹ́ ẹ fẹ́.”

“Kí n ṣílẹ̀kùn fólè? Géèmù ọ̀dàlẹ̀ nìyẹn!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gilbert fẹ́ràn tirẹ̀ torí pé ó máa ń parí: ogun ìkẹyìn á dé, ìṣẹ́gun á tẹ̀ lé e. Ti Ayọ̀fẹ́ kì í parí. Kò sẹ́ni tó ń borí níbẹ̀, kéèyàn ṣáà pẹ́ kó tó ṣubú ni.

Kò pẹ́ tí Gilbert fi kó búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì jọ, ó ń mọ odi dí ojú ọ̀nà omi.

“Bọ̀dá mi, ẹ gbẹ́ kòtò fómi ná. Tẹ́ ẹ bá dí i, ibo ló máa gbà?”

“Á padà síbi tó ti wá. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wá! Àwọn baba wa fi odi Erédò yí ilẹ̀ wa ká, wọn ò bẹ ọ̀tá.”

“Erédò gan-an, wọ́n gbẹ́ kòtò sí i!”

“Lọ kàwé ẹ, jàre. Látọdún tí àgbàrá yìí ti bẹ̀rẹ̀, ibí lomi ń gbà. Ṣé òní ló máa kọ́ ọ̀nà mìíràn?”

Ó mọ odi náà dáadáa, ó fi irin sí i, torí ìyá rẹ̀ ló ń mọ ọ́n fún.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, òjò ṣú, ó sì rọ̀. Àgbàrá dé, ó pọ́n bí epo, ó kọlu odi. Odi ò mì. Gilbert pàtẹ́wọ́. Omi náà dúró, ó ń ga sí i, ó ń pòyì bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, ó yà sápá ọ̀tún. Kò kúkú wá Màámi. Ibi tó rọ̀ ló ń wá, ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ rí ló sì rọ̀ jù.

Gilbert gbé òòlù, ó sáré lọ sídìí odi ara rẹ̀, ó ń lù ú. “Wó, jọ̀ọ́! Wó!” Ayọ̀fẹ́ ń fi ọkọ́ gbẹ́lẹ̀ nínú òjò, ó ń sunkún. Kí búlọ́ọ̀kù kan tó là, táìsì funfun ti ń já bọ́, ibojì là, omi sì gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Wọ́n wá a títí dé àbàtà, wọn ò rí i.

Àgbà ní àgbàrá ò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò níí gbà fún un. Gilbert kò gbà. Àìgbà rẹ̀ náà ló fi ọ̀nà han omi.

Ayọ̀fẹ́ jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò sọ pé òun ti sọ fún un tẹ́lẹ̀.

“Ayọ̀fẹ́, nínú géèmù tìẹ, tí ọ̀tá bá wọlé, kí lèèyàn ń ṣe?”

“Wọ́n máa ń ní kéèyàn bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ni, Bọ̀dá mi.”

Gilbert wo odi rẹ̀ tó ṣì dúró ṣinṣin.

Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó jáde síta bó ti máa ń ṣe. “Ẹ káà...” Ihò ló kù síbi tí ibojì wà. Òjò tún ti ń ṣú lókè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ìtàn yìí, kí Olúwa fọwọ́ ara rẹ̀ dí ibi tó ṣí sílẹ̀ tẹ́ ẹ ò mọ̀. Kí ìfẹ́ tẹ́ ẹ ní sáwọn èèyàn yín má di ohun tí yóò ṣe wọ́n léṣe. Níbi tí omi bá sì ti gba tiyín lọ, kí Ó jókòó tì yín. Àmín.