Ọ̀fun Ọba

Ọ̀pá tí Ahkal tì bọ inú ihò náà dúró lójijì, kò lọ mọ́. Ó fà á jáde. Amọ̀ ẹfun tútù ló lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀.

Ọ̀fun ọba ni wọ́n ń pe ihò òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ yìí. Láti inú ibojì tó wà nísàlẹ̀ òkè òkúta tí gbogbo ìlú mọ fún ọba ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn gòkè títí dé ilé òrìṣà tó wà lórí, kí èémí ẹni tó wàjà lè máa tọ àwọn ará ilé rẹ̀ wá. Háhá àgbàdo ni àwọn mọlémọlé fi ń dí ẹnu rẹ̀ títí wọ́n á fi rẹ́ ilẹ̀ tán, kí amọ̀ má bàa bọ́ sínú rẹ̀. Ahkal mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun sì ni olórí wọn. Ṣùgbọ́n lánàá ó yọ háhá náà kí iṣẹ́ tó parí, kó lè rí nǹkan fi yangàn.

"Ẹ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín síbí! Ṣé atẹ́gùn kọ́ nìyẹn?"

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n yìn ín, orí rẹ̀ wú. Kò rántí dá háhá padà kí wọ́n tó rẹ́ ilẹ̀ tó kù.

Kó tó ronú ohun tó máa ṣe, Ix Tz'unun, olorì tí ọba fi sílẹ̀ lọ, ti gòkè dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ọba tuntun, àgbà àwòrò àti àwọn ìjòyè. Olorì kúnlẹ̀, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ẹnu ihò náà.

"Kò mí sí mi," ló wí.

"Ẹ ní sùúrù, Ìyá," ni àgbà àwòrò fèsì. "Ẹ tún un gbọ́."

Ahkal la ẹnu, ó tún pa á dé. Ìtìjú ló mú un. Ta ni yóò tún gbé iṣẹ́ fún un lẹ́yìn èyí? Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé kí olorì ṣáà kọ́kọ́ dìde ná, òun á yọ́ amọ̀ náà yọ.

Olorì kò dìde. Ẹkún ló bú sí, ó gbé ẹnu lé ihò náà.

"Mo mọ̀ pé ẹ ṣì ń bínú sí mi. Ẹ ní kí wọ́n pè mí lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ wàjà, mo ní kí wọ́n sọ pé mo ti sùn. Irọ́ ni. Mi ò sùn. Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ìkérora yín ni. Ẹ foríjì mí, olówó orí mi."

Àwọn ìjòyè ń wo ara wọn. Ọmọ rẹ̀ gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ẹyin lohùn, ó sì ti fọ́ mọ́ ilẹ̀.

"Amọ̀ ni, Ìyá!" Ahkal ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó wólẹ̀. "Amọ̀ mi ló dí i. Ọba ò bá yín jà."

Ó fi ọ̀pá gún amọ̀ náà, ó fi ìka ha á títí èékánná rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀. Atẹ́gùn tútù fẹ́ jáde. Àwọn ìjòyè hó yèè, ṣùgbọ́n olorì kò tẹrí ba síbẹ̀ mọ́. Ó nu ojú rẹ̀, ó wo Ahkal.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

Ó wu Ahkal kó purọ́. "Kí ẹ tó kúnlẹ̀, Ìyá."

Olorì wé aṣọ mọ́ra pinpin bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìhòòhò, ó sì ń sọ àtẹ̀gùn náà kalẹ̀ lóun nìkan. Ọmọ rẹ̀ kò tẹ̀ lé e.

Ahkal ò lè gbójú sókè. Iṣẹ́ ti dára báyìí, kò sí àléébù kankan lára rẹ̀. Ká ní ó ti sọ̀rọ̀ nígbà tó yẹ ni, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá wà láàárín olorì àti ọkọ rẹ̀ títí ayé.