Ọwọ́ Amenan

"Konan ni mo pè o! Ta ló pe obìnrin?"

Nọ́ọ̀sì fi káàdì gbá tábìlì, eṣinṣin mẹ́rìndínlógún kú lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo èèyàn tó wà ní ilé-ìwòsàn kékeré náà, ní àdúgbò Yopougon nílùú Abidjan, sì yíjú sí tábìlì.

Amenan, tó ti dìde wá síwájú tábìlì, ò padà lọ jókòó. Epo gbígbóná ló dà sí i lọ́wọ́ ọ̀tún nídìí ẹja tó ń dín tà, ọwọ́ náà sì ti wú títí ó fi tó orí màlúù. Ibà tó wà lára ẹ̀, wọ́n lè fi yan ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún gbogbo Abidjan. Oníkẹ́míìsì àdúgbò ti sọ fún un pé: "Bí wọn ò bá fa ọyún yẹn jáde lónìí, ọwọ́ lo máa fi sílẹ̀ fún wọn."

"Tàǹtí, èmi ni Konan yẹn," ó ní. "Wọ́n bí mi lọ́kùnrin, obìnrin ni mí báyìí. Amenan ni gbogbo èèyàn ń pè mí."

Nọ́ọ̀sì wo tìróò ojú ẹ̀, ó wo síkẹ́ẹ̀tì. "Ẹ̀tàn! Ọmọ Baoulé lèmi náà. Konan, Amenan, ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́rú ló ń jẹ́ méjèèjì, ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin. Ìbejì ni yín! Lọ pe ìkejì ẹ, kó wá gbé káàdì ẹ̀ fúnra ẹ̀."

"Mi ò ní ìbejì, Tàǹtí! Ṣé kí n padà sínú ìyá mi lọ mú un wá ni?"

Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, bú sẹ́rìn-ín, páànù òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Ọkùnrin kan tó di orúnkún mú pariwo: "Ìyàwó mi, tí ìkejì ẹ bá dé, kó wá jókòó tì mí o!"

"Ìwọ náà kọ́ lo sá lánàá?" Amenan dá a lóhùn. " Mo jókòó sí bẹ́ǹṣì ọkùnrin, o fò dìde bí ẹni jókòó lé ìjàlọ. Níjẹta, àwọn obìnrin lé mi kúrò ní bẹ́ǹṣì tiwọn dé títì. Ṣé orí òrùlé ni kí n jókòó sí?"

Ìyá àgbà kan tó ń húkọ́ fẹnu sí i létí: "Ọmọ mi, parọ́ fún wọn. Lọ nu tìróò, wọ ṣòkòtò, kóo padà wá ní Konan. Wọ́n á tọ́jú ẹ kíákíá."

Òótọ́ ni. Bó ṣe ṣe é lọ́dún tó kọjá nìyẹn, nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀. Wọ́n fún un lóògùn, ṣùgbọ́n odidi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi lè wo dígí.

"Ìyá, ẹ ṣé," ó ní. "Ó ti sú mi."

Ó tú aṣọ tó fi wé ọwọ́. Òórùn tó jáde níbẹ̀ lé ewúrẹ́ ẹnu ọ̀nà dé ìlú mìíràn. Ó gbé ọwọ́ náà lé orí ìwé nọ́ọ̀sì gẹ́lẹ́.

"Tàǹtí, ẹ wò ó dáadáa. Ọwọ́ yìí, akọ ni àbí abo?"

Nọ́ọ̀sì wo ọwọ́ náà. Ó rọra fa ìwé yọ lábẹ́ ẹ̀, ó mú bíírò.

"Orúkọ?"

"Amenan."

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. Ó kọ ọ́. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ọkùnrin tàbí obìnrin, ó fò ó, ó kọ sísàlẹ̀ pé: ọwọ́ ọ̀tún, epo ló jó o.

"Wọlé lọ bá dókítà," ó ní, kò gbójú sókè.