Bí Ewúrẹ́ Ṣe Tẹ Ìrántí Kọ̀ǹpútà Rẹ́

Bí ọkọ̀ káńsù bá dé, tí wọ́n bá bi yín léèrè ẹni tó fọ́ irin wọn, àlá tí mo lá lóru àná ni kí ẹ rọ́ fún wọn. Nítorí náà ẹ sún mọ́ mi, kí n rọ́ ọ kí oòrùn tó gbà á lọ́wọ́ mi. Àlá àti ìrì orí ewé kókò, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Mo rí i lójú oorun pé ilé ìwòsàn abúlé wa ti kúrò nílẹ̀. Ó gbéra, ó lọ so mọ́ ẹ̀ka ìrókò bí ìtẹ́ ẹyẹ ẹ̀gà, ó ń mì díẹ̀díẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí mo kàn ń rò ni bí ẹni tí orúnkún ń dùn ṣe máa gòkè lọ gba abẹ́rẹ́. Àṣé àwọn aláìsàn tó tò sẹ́nu ọ̀nà ti rí ọgbọ́n dá sí i: wọ́n ti gun ara wọn léjìká títí wọ́n fi di àkàbà. Mo bọ́ bàtà mi, nítorí a kì í fi bàtà tẹ èjìká àgbà, mo sì ń gùn wọ́n lọ. Mo ń kí wọn bí mo ti ń lọ: ẹ pẹ̀lẹ́ o, ara á le o, ṣé ikọ́ náà ti rọlẹ̀ díẹ̀?

Ohun tí mo bá lọ kì í ṣe àwàdà, kì í sì í ṣe inú àlá nìkan ló wà. Ẹ̀yin náà gbọ́ ìkéde káńsù pé àwọn máa ta ògbólógbòó kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn fún ẹni tó ń ra àlòkù. Kọ̀ǹpútà kì í sì í gbàgbé. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tó ń kó ìrántí sí. Àwọn ọmọ ìwé ń pè é ní háàdì díìsìkì. Inú irin yẹn ni orúkọ gbogbo wa wà, pẹ̀lú ohun tó ń ṣe kálukú. Orúkọ Àdùnọlá ọmọ mi wà níbẹ̀. Ọmọ náà sunkún wọ ilé ìwòsàn lọ́dún tó kọjá, ó sì rẹ́rìn-ín jáde lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Èmi tí mo bí i, mi ò béèrè ohun tó ṣe é. Bí ọmọ bá fẹ́ kí bàbá òun mọ̀, yóò sọ. Kí ẹnì kan wá máa ru ohun tí bàbá kò béèrè kiri ọjà? Ọ̀rọ̀ náà kò bọ́ sí i rárá.

Ọ̀gbẹ́ni Ládélokùn, akọ̀wé káńsù, ni mo bá nínú ilé tó so rọ̀ náà. Ó jókòó sórí àga. Àga ló ń kọ̀wé, òun ń jẹ gúgúrú. Mo sọ ohun tí mo bá wá. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé òun ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ìka kan péré lòun fi tẹ̀ ẹ́.

Irin ìrántí tó wà lórí tábìlì wúkọ́. Ó ní, "Irọ́ ni, Bàbá Àdùnọlá. Ó kàn gbálẹ̀ lásán ni."

Mo kọ́kọ́ kí i ná, nítorí irin náà dàgbà. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí ó jẹ́ kí n rí inú rẹ̀. Ó ṣí ìdérí ara rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ìkòkò ọbẹ̀, mo sì rí àgbàlá gbàràmù-gbaramu kan níbẹ̀, erùpẹ̀ rẹ̀ kúnná bí ti ìgbà ọyẹ́. Gbogbo ẹni tó gba ìtọ́jú rí ló ti fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n gbá a, ojú ìgbálẹ̀ ṣì hàn. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, ojú gìgísẹ̀ àwọn ènìyàn ń bẹ lábẹ́ ojú ìgbálẹ̀ náà. Mo rí ti Pásítọ̀. Mo rí ti Baálẹ̀. Mo rí ẹsẹ̀ ọ̀tún tèmi tó máa ń yà síta. Mo yára gbójú kúrò kí n má baà rí ti ọmọ mi.

Bí ìgbálẹ̀ ti rí nìyẹn. Ojú àlejò ló ń tún ṣe, kò mọ àṣírí í bò. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, olè a gbá ojú ẹsẹ̀ rẹ̀, ọdẹ a sì tún tọ̀ ọ́ délé. Ohun tó máa ń dá ọdẹ padà ni kí agbo ewúrẹ́ ti gba ọ̀nà náà kọjá.

Irin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé kí n sọ ti Àdùnọlá fún ẹ? Kò gùn. Gbólóhùn kan ni."

"Ẹ má sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣebí ìwọ lo bí i."

"Èmi ni mo bí i. Mi ò bí àṣírí rẹ̀."

Irin náà mí kanlẹ̀. Ó ní ẹjọ́ òun kọ́, bí wọ́n ṣe rọ òun nìyẹn, ẹni tó bá ti béèrè lòun gbọ́dọ̀ dá lóhùn. Ó ní ó ti rẹ òun, ó ti pẹ́ tí òun ti ń ru ikọ́ oníkọ́.

Ẹnu èyí la wà tí ilé ìwòsàn fi já kúrò lórí igi, tó ń léfòó lọ lójú ọ̀run bí ìwé tí atẹ́gùn gbé. Òṣùwọ̀n kan, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹran lọ́jà, rìn wọlé, ó dé fìlà abetí-ajá. Òun ni oníbàárà tó ń ra àlòkù náà. Ó wo irin náà tìfẹ́tìfẹ́, abẹ́rẹ́ àyà rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Mo béèrè bóyá irin ló fẹ́ rà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí lòun fẹ́ fi irin ṣe; ohun tí irin gbọ́ lòun ń rà. Ó ní àwọn kan wà nílùú ńlá tó ń ra ikọ́, tó ń ra ìtọ̀ ṣúgà, ṣùgbọ́n èyí tí ọmọbìnrin fi pamọ́ fún àna rẹ̀ ló máa ń wúwo jù lórí òun.

Ni mo bá jókòó lé irin náà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e, kó gbé tèmi tirẹ̀.

Akọ̀wé súfèé. Ìgbìmọ̀ káńsù gba ojú fèrèsé wọlé, gbogbo wọn lórí tábìlì kan tó ń fò. Wọ́n ní kí n dìde. Mo ní ìdí mi kò tíì fẹ́. Alága ní ṣé mo mọ̀ pé ìjọba ló ni ohun tí mo jókòó lé.

"Ìjọba ló ni irin," mo dá a lóhùn. "Àwa la ni àìsàn wa. Ọjọ́ tí ìjọba bá bá mi wúkọ́ mọ́jú, ọjọ́ náà ni ká jọ tà á."

Wọ́n ní àwọn máa ṣèpàdé lórí rẹ̀. Wọ́n ka ìwé, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Irùngbọ̀n Alága ló kọ́kọ́ gùn. Ìwo Akápò tẹ̀lé e. Kí wọ́n tó jẹ ìwé náà dé ibi òǹtẹ̀, gbogbo wọn ti di ewúrẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Ládélokùn di òbúkọ, ṣùgbọ́n táì rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. Mo kí wọn kú ìpàdé. Alága ní mẹ̀ẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́, sà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, Ọlọ́run kì í fún ènìyàn ní ewúrẹ́ kó má fún un ní èèpo iṣu. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo bá èèpo níbẹ̀. Mo dìde, mo ṣí irin náà, mo ju èèpo sínú àgbàlá rẹ̀, káńsù sì rọ́ tẹ̀lé e. Mo jù ú síhìn-ín, wọ́n sá síhìn-ín. Mo jù ú sọ́hùn-ún, wọ́n sá sọ́hùn-ún. Pátákò ń da erùpẹ̀ rú. Mo bi irin léèrè bóyá ó ṣì rántí. Ó ní ó ku ti Baálẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Mo ju èèpo sẹ́bàá ògiri. Ó ní ó tún ku ti ọmọbìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó dúró pẹ́ kó tó wọlé; orúkọ rẹ̀ ti wà lórí ahọ́n òun. Mo da gbogbo èèpo tó kù sẹ́nu ọ̀nà, mo sì kẹ̀yìn síbẹ̀.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, irin náà wo inú ara rẹ̀ yíká. "Kí ni mo tiẹ̀ fẹ́ sọ ná?"

"Ẹ ò fẹ́ sọ nǹkan kan, bàbá."

Ó ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀. Òṣùwọ̀n wo àyà ara rẹ̀, abẹ́rẹ́ ti sùn sílẹ̀, ó sì ń fi fìlà nu ojú.

Mo kó àwọn ewúrẹ́ jáde, nítorí mi ò wá pa káńsù. Òbúkọ onítáì ní ó tó bẹ́ẹ̀, kí n fi irin náà sílẹ̀ kí àwọn tà á lófìfo. Mo ní bí a bá pa ejò tán, à ń fọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Irin fúnra rẹ̀ ní, "Fọ́ mi. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí mi." Mo gbọ́wọ́ sókè láti lù ú, mi ò rí nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Ohùn ìyàwó mi ló jí mi. Àwọn ewúrẹ́ Ìyá Fọlájìn aládùúgbò wa ti tẹ gbogbo àgbàlá tí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá, ó sì ń bá wọn jà bí ẹni pé wọ́n gbọ́ Yorùbá. Ó fẹ́ tún un gbá. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó dára. Ó wò mí bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mo bi í léèrè ibi tí òòlù wà.

Àdùnọlá jáde láti ẹ̀yìn ilé. Ó ti múra, ó ti so ìborùn mọ́dìí, òòlù náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ ibi tó ń lọ. Èmi náà kò béèrè. Mo wọ bàtà mi, mo tẹ̀lé e gba ọ̀nà ilé ìwòsàn.