Àwọn Tó Ń Kọ Orúkọ Orin

Bísí, irú àlá játijàti wo ni mo lá mọ́jú òní yìí! Àwọn ará Japan kan jókòó sí yàrá kan, wọ́n ń kọ orúkọ orin wọn tó fi "Ka" bẹ̀rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan. Orin kankan ò jáde lẹ́nu wọn. Ìyá arúgbó kan wọlé, ó dá orin, omi bọ́ lójú mi. Ọ̀gá wọn, tó ń sọ Yorùbá bí ará Ọ̀yọ́, jágbe mọ́ ọn pé, "Kí lorúkọ orin yẹn?" Ìyá lóun ò mọ̀. Ni wọ́n bá tì í síta. Òpònú gbogbo! Èmi ọ̀dẹ̀ náà sì mú bírò, mo ń bá wọn kọ ọ́. Nígbà tí mo jí, orin ìyá ti pòórá lórí mi. Àwọn orúkọ rádaràda yẹn ni mo ṣì ń kà.